Àlàáfíà Kì í Ṣe Ìdẹ̀rùn: Ìgbàgbọ́ àti Ìjákulẹ̀ Ojoojúmọ́

Kì í ṣe àjálù ńlá ni ó sábà ń ba ayọ̀ ọmọ ènìyàn jẹ́. Bí iná bá jó ilé, tàbí bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ènìyàn, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ a péjọ. Wọn a ṣìpẹ̀, wọn a gbówó kalẹ̀, ẹni tí ọ̀ràn náà kàn a sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni òun wà. Yorùbá ní kíkí fún irú nǹkan báwọ̀nyí: a ní ẹ kú ewu iná, a ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, a ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n ta ni í péjọ sílé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dé lọ́jọ́ tí ó yẹ kí ó dé? Ta ni í ṣìpẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí a so èsì ìdánwò rẹ̀ rọ̀, tí kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀? Ta ni í bá obìnrin tí ó ti jókòó ní ibùdókọ̀ láti òwúrọ̀ kẹ́dùn, nítorí pé ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sọ́jà kò tí ì kún? Pẹ̀lẹ́ ni a máa ń wí, a ó sì bá tiwa lọ. Irú ìjákulẹ̀ kéékèèké yìí, tí kò tó ohun tí à ń sunkún sí, tí kò sì kéré tó ohun tí à ń gbàgbé, ni ó ń jẹ ọkàn díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti í jẹ igi àjà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti rí, kí ó lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ó jókòó ti àwọn ahunṣọ ní ìdí òfì. Òkìkí aṣọ òfì ìlú yìí kàn nílé, ó sì kàn lóko. Kò sí ibi tí a ti ń ṣe ìnáwó ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò mọ ẹtù, sányán àti àlàárì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ náà ti í jáde. Bí ahunṣọ ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ òfì nísàlẹ̀ ni ó ń ju ọkọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, tí ó sì tún ń jù ú padà. Òwú tí a ta sílẹ̀ nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, ẹrù wúwo sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tí ń fà á kí ó má baà dẹ̀. Bí ẹyọ kan bá já, iṣẹ́ dúró. Yóò wá ibi tí ó ti já, yóò so ó, yóò rí i pé kókó náà kò hàn lójú aṣọ, kí ó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́, òmíràn já. Bí ó bá fi ìbínú fa èyí tí ó já, mẹ́ta mìíràn lè bá a lọ. Òwú kò mọ̀ pé inú ń bí ahunṣọ. Ẹni tí ó ra aṣọ náà lọ́jà kò sì ní mọ iye ìgbà tí òwú já.

Kì í ṣe ìdí òfì nìkan ni nǹkan ti í já. Ìsédò Ìkẹ́rẹ́ wà lórí odò Ògùn ní ẹ̀bá ìlú náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni a dáwọ́ lé e, kí ó lè pèsè omi, kí ó bomi rin oko, kí ó sì mú iná mànàmáná wá. Ọmọ tí a bí nígbà náà dàgbà, ó sì bí ọmọ tirẹ̀, láì tí ì rí iná tí a ṣèlérí. Ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà wá sí Ìsẹ́yìn bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe. Bí ẹni kan bá ń gbé irú ibẹ̀, tí ó sì ń lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi láti gbọ́ pé kí ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti bi wá ní ìbéèrè méjì. Èkíní: ǹjẹ́ Onígbàgbọ́ lè ní àlàáfíà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ? Èkejì: bí ó bá lè ní i, ǹjẹ́ àlàáfíà náà kò ní sọ ọ́ di ojo tí kò lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀? Àwọn ìbéèrè méjèèjì yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun tí àlàáfíà jẹ́

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára wọn, nítorí pé ibi tí a bá ti da ọ̀rọ̀ pọ̀ ni èrò ti í dàrú.

Ọ̀rọ̀ èkíní ni ìdẹ̀rùn. Ìdẹ̀rùn ni kí nǹkan rọ ènìyàn lọ́rùn: kí owó wà, kí ọ̀nà dára, kí ohun tí a ṣètò bọ́ sí i bí a ti ṣètò rẹ̀. Ohun rere ni, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a wá a. Ṣùgbọ́n ìta ni ó ti ń wá, ìta náà ni ó sì ń bá lọ. Ọ̀rọ̀ kejì ni àìbìkítà. Inú ẹni tí kò bìkítà kò ní bàjẹ́ bí òwú bá já, nítorí pé kò fẹ́ràn aṣọ. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ibojì ti í dákẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kẹta ni àlàáfíà. Ẹni tí ó ní àlàáfíà fẹ́ràn aṣọ náà, ó mọ̀ pé òwú já, ó sì dùn ún. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n nígbà tí ó ń so ó.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ní ìtàn tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wọ inú èdè wa, ìlera ni ó sì ń tọ́ka sí níbẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, òun ni a lò fún ohun tí Jésù sọ, ní orí kẹrìnlá ìwé Jòhánù, pé òun fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀, tí wọ́n sì ń bá Onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ gbé pọ̀ nínú agbo ilé kan náà, "Ṣé àlàáfíà ni?" ni gbogbo wọn fi ń kí ara wọn. Ara le tàbí ara kò le ni wọ́n ń béèrè.

Ìtumọ̀ àtijọ́ yìí ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ara tí ó le kì í ṣe ara tí kò ru ẹrù rí; ara tí ó lè ru ẹrù láìwó ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn tí ó ní àlàáfíà. Kì í ṣe ọkàn tí wàhálà kò dé bá, bí kò ṣe ọkàn tí wàhálà dé bá tí kò wó. Ẹni tí ó bá ń dúró kí ìjákulẹ̀ tán láyé kí òun tó ní àlàáfíà, ìdẹ̀rùn ni ó ń wá, ó kàn ń pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Àjàyí ọmọ Òṣoogùn

Ọ̀rọ̀ lásán lè dùn létí kí ó má sì dúró nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ayé ẹnì kan tí ẹkùn Ìsẹ́yìn yìí bí, èyí ni Samuel Àjàyí Crowther. Òṣoogùn ni a bí i sí. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin, ogun kó ìlú náà. Ìsẹ́yìn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ẹrú náà wá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín ìdílé rẹ̀, tí wọ́n ya òun àti ìyá rẹ̀ nípá, tí wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà kan ní 1837. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé nígbà tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ó sì gbọ́ pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí, òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun, ṣùgbọ́n àyà òun kò gbà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kí a sì sọ pé: "Ẹ wò ó, Ọlọ́run yọ ọ́, nítorí náà ó ní àlàáfíà." Ṣùgbọ́n irú èrò bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ogun kó bí ti Àjàyí ni ọkọ̀ kó kọjá òkun, tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọ́n sílẹ̀. Bí àlàáfíà bá dúró lórí kí a yọ ènìyàn nínú wàhálà nìkan, a jẹ́ pé kò sí fún àwọn yẹn, Ọlọ́run tí ó sì ń fún ẹni tí a yọ nìkan ní àlàáfíà kì í ṣe Ọlọ́run gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí a wò nínú ayé Àjàyí ni bí ó ti rìn nínú àwọn ìjákulẹ̀ tí ó dé bá a lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ tán.

Ìjákulẹ̀ kìíní jẹ́ ti ìdúró. Ọdún 25 kọjá kí ó tó tún rí ìyá rẹ̀. Ní 1846, lẹ́yìn tí ó ti di àlùfáà, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, orúkọ tí a sì fún un ni Hánà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Àjàyí kò jókòó kó ọwọ́ lẹ́rán. Ó kàwé, ó kọ́ni, ó rin ìrìn àjò odò Ọya ti 1841, ó sì tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843.

Ìjákulẹ̀ kejì jẹ́ ti iṣẹ́, òun sì ni ó súnmọ́ ti àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jù. Iṣẹ́ ìtumọ̀ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ òfì: ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, òwe kan lójúmọ́, kí a béèrè lọ́wọ́ àgbà, kí a pa á rẹ́, kí a tún un kọ. Lẹ́yìn tí ó ti tún ìwé àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ ní 1852, ó ń bá a lọ láti kó ọ̀rọ̀ àti òwe jọ. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àkójọ bí ọdún mẹ́wàá sì jóná mọ́ ọn. Ẹni tí ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo bá ti sọnù mọ́ lọ́wọ́ rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà náà kò sí ẹ̀dà kejì níbì kan. Ẹni tí ó pàdánù rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é tẹ̀ síwájú títí Bíbélì Yorùbá fi pé ní àwọn ọdún 1880. Nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí, a kò lè rí ojú kókó níbi tí òwú ti já.

Ìjákulẹ̀ kẹta ni ó korò jù. Ní 1864 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Ní 1890, nígbà tí ó ti tó ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé sí ẹkùn odò Ọya, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ adúláwọ̀, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó bá wọn wí, ó bi wọ́n léèrè àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọn kò sì gbọ́, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀, kí a wí pé kò dùn ún. Ta ni irú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe ní ọdún tí ó kù fún un: ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣètò bí ìjọ tí ó wà ní ẹnu odò Ọya yóò ti máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ìrora kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní àlàáfíà nìyí.

Bí a ti ń kọ́ ọ

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì wà nínú ẹ̀wọ̀n nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì. Nínú orí kẹrin ìwé náà, ó sọ nípa ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ pé òun kọ́ ọ ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Kò sọ pé wọ́n bí i mọ́ òun, kò sì sọ pé ó bọ́ lé òun láti ọ̀run lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ọmọ ti í jókòó ti baba rẹ̀ ní ìdí òfì, tí yóò já òwú, tí yóò ta kókó tí kò dára, tí a ó tún un kọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ti í kọ́ àlàáfíà. Ìjákulẹ̀ ni ibi tí a ti ń kọ́ ọ. Ẹni tí òwú kò já mọ́ lọ́wọ́ rí kò lè mọ bí a ti í so ó.

Báwo ni a ti ń kọ́ ọ? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí a sọ òtítọ́ nípa ìrora wa fún Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó bá ń ráhùn kò ní ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó rò bẹ́ẹ̀ kò tí ì ka ìwé Sáàmù dáradára, nítorí pé ẹ̀sùn àti ẹkún pọ̀ níbẹ̀ tó orin ìyìn. Jóòbù náà rojọ́ títí, nígbà tí Ọlọ́run sì máa dá ẹjọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run ni ó bá wí. Ẹni tí ó bá ti rojọ́ rẹ̀ níbi tí ó yẹ kò ní máa wá ẹni tí yóò sọ ọ́ lù kiri.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé ẹ̀kọ́. Ìjákulẹ̀ kì í fẹ́ dúró sójú kan. Ẹni tí kò lágbára ni ó máa ń wá lọ. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò dé kò rí ẹni tí ó dá owó náà dúró. Ọmọ tí ó pẹ́ dé kíláàsì ni ó rí. Ọkọ tí wọ́n yájú sí níbi iṣẹ́ kò lè fèsì níbẹ̀. Nílé ni yóò ti fọhùn. Pàṣán tí ó ba ọmọ náà lẹ́yìn kì í ṣe nítorí pípẹ́, nítorí owó oṣù ni. Bí a bá yẹ ayé wa wò, a ó rí i pé púpọ̀ nínú ìwà ìkà tí à ń hù kì í ṣe nítorí pé a jẹ́ ìkà, bí kò ṣe nítorí pé à ń gbé ẹrù tí a kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Ìgbàgbọ́ fi ibi tí a ó sọ ọ́ sí hàn wá. Nítorí náà, àlàáfíà Onígbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun àti ọkàn rẹ̀ nìkan. Ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀.

Àtakò méjì

Àwọn kan yóò ní irú àlàáfíà yìí ni aṣáájú búburú fẹ́ràn. Bí gbogbo ìlú bá ń gbàdúrà, ta ni yóò béèrè iṣẹ́ tí a kò parí? Òótọ́ ni pé àwọn oníwàásù kan ti sọ sùúrù di oògùn oorun. Ṣùgbọ́n Jésù tí ó sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà, gẹ́gẹ́ bí orí kẹrin ìwé Máàkù ti sọ, kò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó dìde, ó sì bá ìjì náà wí. Àjàyí tí ó gbàdúrà kan náà ni ó dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria ní 1851 láti sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú ní Èkó, òun náà ni ó sì dìde dúró ní 1890. Yorùbá ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ìbínú ń gùn a pariwo lónìí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ó lè kọ lẹ́tà, kí ó tún un kọ, kí ó lọ sí ọ́fíìsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láìbú ẹnikẹ́ni, títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé jẹ. Àlàáfíà kò so wá lẹ́nu, ohùn ni ó fún wa.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ni Onígbàgbọ́ ń sọ tí àwọn baba wa kò tí ì sọ. Wọ́n ti ní sùúrù ni baba ìwà. Mùsùlùmí náà sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní sùúrù. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí Onígbàgbọ́ gba ohun rere kúrò lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ kí tirẹ̀ tó níyì. Bí ó bá sọ kìkì ohun tí ó mọ̀, ó tó. Ohun tí ó mọ̀ ni pé Ẹni tí òun ń rojọ́ fún ti rí ìjákulẹ̀ rí: ó ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Násárẹ́tì, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá kànga, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn lọ ní alẹ́ tí ó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé púpọ̀ nínú ìjákulẹ̀ ni ó ní ènìyàn lẹ́yìn, àti pé sùúrù lè fara da ènìyàn náà láìdárí jì í. Ìdáríjì ni Kristi fi kún un. Níbi tí sùúrù bá ti ń ka iye ìgbà tí a ṣẹ̀ ẹ́, ìdáríjì a pa ìwé gbèsè náà rẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó rí i pé àlàáfíà Onígbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn fún àwọn tí ayé rọ̀ lọ́rùn. Ìlera ọkàn ni, tí a ń kọ́ lójoojúmọ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ ń ṣe ohun mẹ́ta: ó ń ya ohun tí ó wà níkàwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò sí níkàwọ́ rẹ̀, ó ń gbé èyí tí kò sí níkàwọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run láìfi ìrora rẹ̀ pa mọ́, ó sì ń padà sí ìdí èyí tí ó wà níkàwọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí ó rọrùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a ó sì kùnà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí èsì rẹ̀ kò tí ì jáde, béèrè ẹ̀tọ́ rẹ, kí o sì máa ka ìwé rẹ nìṣó. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò dé, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ dìde láti béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí o tó wọ kíláàsì lówùúrọ̀ ọ̀la, sọ ìbínú náà kalẹ̀ fún Ẹni tí ó lè gbé e. Àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ kò jẹ ọ́ ní gbèsè.